"Ó wà o!": ìtàn àwọn ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ bíi gbohùngbohùn, láti Gáréèjì Ìkòròdú

Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kó yáa lọ ṣe é ná, torí ọ̀rọ̀ tòní gùn. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti ń sọ pé màá kọ ọ́, tí mo sì ń sá fún un. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni, ọ̀rọ̀ Gáréèjì Ìkòròdú ni, ọ̀rọ̀ ìtàn sì ni pẹ̀lú, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í tẹ́ mi lọ́rùn bí mi ò bá tíì wá ìdí ẹ̀ kàn.

Àbúrò mi ti pé ọmọ ọdún 16. Ó ga jù mí lọ, irùngbọ̀n ti ń yọ lágbọ̀n ẹ̀. Ó ní ọ́tísíìmù. Tí ẹ bá bá a pàdé, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ ni: "Kétu, Mile 12, Ọjọ́ta! Wọlé pẹ̀lú ṣénjì ẹ o, mi ò ní ṣénjì!" Ohùn kọ̀ńdọ́ gan-an ni, gbogbo bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń ha lọ́nà ọ̀fun. Tí ẹ bá dijú, ẹ máa fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì.

Ìyá mi ń ta ọ̀rá àti ike lẹ́bàá Gáréèjì láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Àbúrò mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ tó ti ń jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. "Ṣàgámù kan, Ṣàgámù kan!" "Ìtòìkín, Ẹ̀pẹ́!" "Ìjẹ̀dẹ́, wọlé!" Nọ́sìrì ẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ìjọba ń fẹ títì láti Mile 12 wá sọ́dọ̀ wa, tí Gómìnà Ambode wá ṣí ọ̀nà BRT náà ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ó lè dún bíi katakátá tó ń kó yẹ̀pẹ̀. Ó lè pe gbogbo bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀bù láti Agric dé Májídùn. Ṣùgbọ́n kò lè sọ pé ebi ń pa òun.

Lọ́dún tó kọjá, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àgbèrò kan ti ń gbowó lọ́wọ́ dírẹ́bà. Àgbèrò náà jágbe mọ́ dírẹ́bà pé, "Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Àbúrò mi náà ní, "Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Ohùn kan náà, ìjágbe kan náà. Bọ̀dá yẹn yíjú sí i. "Ṣé èmi lò ń sín jẹ?" Àbúrò mi dá a lóhùn pé, "Ṣé èmi lò ń sín jẹ?"

Ẹ ti mọ ohun tó kàn. Ìgbájú yẹn, mo gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Kí n tó dé ibẹ̀, àbúrò mi ti kó ọwọ́ méjèèjì bo etí, ó ń pariwo pé "Ó wà o! Ó wà o! Ó wà o!" Àwọn èèyàn tó dúró níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Lójú wọn, ọmọkùnrin ńlá kan ló ń sọ pé òun fẹ́ sọ̀kalẹ̀ nígbà tí kò sí nínú ọkọ̀.

Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá a dúró.

Tí ọmọ ọdún márùn-ún bá ń tún ọ̀rọ̀ èèyàn sọ, wọ́n á ní ó ń ṣeré. Tí ọmọ ọdún 16 bá ṣe é, ọmọ ìta ni, tàbí ó ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́, tàbí orí ẹ̀ ti dàrú. Ọmọ náà ò yí padà. Ara ẹ̀ ló dàgbà, ojú tí ayé fi ń wò ó ló sì yàtọ̀. Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Mo fẹ́ mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń sọ ò ní ìtumọ̀, àti bó ṣe dé ọ̀dọ̀ tiwa.

Ẹ kọ́kọ́ wo èdè wa ná. A ní "sín jẹ", ìyẹn ni kéèyàn tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíì sọ láti fi bú u. A ní ayékòótọ́, ẹyẹ tó ń sọ ohun tó gbọ́. A sì ní gbohùngbohùn, ohùn tí òkè tàbí ilé òfìfo máa ń dá padà fúnni. Sín jẹ ní èrò ibi nínú, ayékòótọ́ ò ní èrò rárá, gbohùngbohùn kì í tiẹ̀ ṣe ohun abẹ̀mí. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń tún ọ̀rọ̀ sọ nítorí pé ó ní nǹkan tó fẹ́ sọ. Kí ẹ má sì rò pé àwa nìkan ni. Orúkọ tí àwọn dókítà Òyìnbó ń pè é, echolalia, inú ìtàn àwọn Gíríìkì ló ti wá: ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Echo tí òrìṣà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, tó fi jẹ́ pé òpin ọ̀rọ̀ ẹlòmíì nìkan ló lè sọ. Nígbà tí dókítà ará Faransé nì, Gilles de la Tourette, lo ọ̀rọ̀ yẹn ní ọdún 1885, àmì àìsàn ló fi pè. Kò sí ẹni tó bi Echo pé kí ló ń gbìyànjú láti sọ.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1938, tọkọtìyàwó kan láti ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Forest, ní Mississippi, mú ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún lọ sí Baltimore. Donald Triplett ni orúkọ ọmọ náà. Dókítà Leo Kanner ti ilé ìwòsàn Johns Hopkins ni wọ́n lọ bá. Lọ́yà ni bàbá Donald, ó sì ti kọ lẹ́tà olójú ewé 33 ránṣẹ́ ṣáájú nípa gbogbo ohun tí ọmọ ẹ̀ ń ṣe. Ojú ewé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n! Bí mo ṣe kà á, ìyá mi ni mo rántí, bó ṣe máa ń dúró níwájú dókítà tí yóò máa ṣàlàyé, tí dókítà ò ní gbójú sókè.

Kanner gbójú sókè ní tiẹ̀. Ní 1943, ó gbé ìwádìí kan jáde nípa ọmọ 11, Donald sì ni àkọ́kọ́ nínú wọn. (Kò ṣe ẹni àkọ́kọ́ pátápátá o. Dókítà obìnrin kan ní ilẹ̀ Soviet, Grunya Sukhareva, ti kọ̀wé nípa ọmọkùnrin mẹ́fà tó jọ bẹ́ẹ̀ ní 1926. Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbàgbé obìnrin.) Nínú ọmọ 11 yẹn, mẹ́jọ ń sọ̀rọ̀, mẹ́ta ò sọ ohunkóhun. Àwọn mẹ́jọ tó ń sọ̀rọ̀ ló sì gbà mí lọ́kàn, nítorí àbúrò mi ni mo rí nínú wọn.

Bàbá Donald bi í lọ́jọ́ kan bóyá kí òun gbé e sí èjìká. Ọmọ náà tún ìbéèrè náà sọ gẹ́lẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Bó ṣe máa ń sọ pé òun fẹ́ nìyẹn. Bàbá ẹ̀ wá ní tó bá fẹ́, kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Tí kò bá fẹ́, kó ní rárá. Ọmọ náà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì gbé e. Láti ọjọ́ yẹn, "bẹ́ẹ̀ ni" ò túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni mọ́ lẹ́nu ẹ̀. Ó di orúkọ gbígbé séjìká.

Ọmọ kan tún wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Paul. Ó máa ń ṣàdédé sọ pé kí wọ́n má ju ajá sílẹ̀ láti orí bákónì. Kò sí ajá, kò sí bákónì. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á ní ọmọ yìí ń ṣàràn ni. Ìyá ẹ̀ ló rántí. Nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Paul máa ń ju ajá ìṣeré ẹ̀ sílẹ̀ láti orí bákónì, ìyá ẹ̀ wá sọ ọ̀rọ̀ yẹn láti fi kìlọ̀ fún un. Ọdún mẹ́ta ti kọjá. Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ yẹn ṣì wà lẹ́nu ọmọ náà bó ṣe gbọ́ ọ.

Ní 1946, Kanner tún kọ̀wé mìíràn nípa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nìkan. Ó ní ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ kọ́kọ́ gbọ́ ọ ò lè mọ̀ ọ́n. Mo ka ìwé yẹn lóru, mo jí ìyá mi. Mo ní, "Mọ̀mi, níbo ló ti kọ́kọ́ gbọ́ 'Ó wà o'?"

Ìyá mi ò kọ́kọ́ dáhùn. Ìbínú pé mo jí wọn ni mo kọ́kọ́ rí gbà. Ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó rántí. Ó ti tó ọmọ ọdún márùn-ún, àwọn méjèèjì ń bọ̀ láti Mile 12 nínú dánfó, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wọn dúró ní apá Májídùn. Ooru mú, èèyàn há mọ́ra, àbúrò mi ń ké, ó lé ní wákàtí kan tó ti ń ké, àwọn èrò ọkọ̀ ti ń bú ìyá mi pé kó pa ọmọ ẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ìyá àgbà kan tó jókòó sẹ́yìn ló pariwo pé "Ó wà o!" Ọkọ̀ dúró. Kọ̀ńdọ́ ṣílẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́ wọlé. Ìyá mi náà yáa bá wọn sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fẹsẹ̀ rìn.

Ẹ ò rí nǹkan. Ọmọ náà gbọ́ gbólóhùn kan tí ìyà fi tán. Ẹ tiẹ̀ wò ó, ọ̀rọ̀ wo nínú Yorùbá ló tún dáa ju ìyẹn lọ fún "ó tó mi, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi"? Nígbà tí mo wá ronú padà sẹ́yìn, gbogbo ibi tó ti máa ń sọ ọ́ ló fojú hàn: lọ́dọ̀ oníbábà, nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n bá gbé ohùn sípíkà sókè, nígbà tí nọ́ọ̀sì fẹ́ gún un ní abẹ́rẹ́. "Wọlé pẹ̀lú ṣénjì" náà ní tiẹ̀. Ìjà ṣénjì ló kọ́kọ́ rí tí wọ́n ti ya aṣọ mọ́ ara wọn lọ́rùn. Tí bàbá mi àti ìyá mi bá gbóhùn sókè díẹ̀ báyìí, ẹ máa gbọ́ ọ láti yàrá: "Wọlé pẹ̀lú ṣénjì ẹ o!" Ọdún mélòó ni bàbá mi fi ń sọ pé ọmọ yìí ń dí òun lọ́wọ́! Ọmọ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má jà.

Ó yẹ kí ìtàn náà ti dáa láti 1946 lọ, àbí? Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó bà á jẹ́ ni pé wọ́n di ẹ̀bi ru àwọn ìyá. Bruno Bettelheim kọ ìwé kan ní 1967 tó sọ pé òtútù ọkàn òbí ló ń ti ọmọ sínú irú ipò bẹ́ẹ̀. Bernard Rimland, tí òun fúnra ẹ̀ bí ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, ti kọ̀wé ní 1964 láti fi hàn pé inú ara ló ti wá, kì í ṣe ìwà ìyá. Àmọ́ ẹ̀bi yẹn pẹ́ kó tó kúrò lọ́rùn àwọn obìnrin. Ní tiwa ńkọ́? Wọ́n ní ìyá mi rìn lọ́sàn-án gangan nígbà oyún. Wọ́n ní ẹbí bàbá mi ló ń ṣe é. Orí ìyá náà ni gbogbo ẹ̀ ń já sí.

Ohun kejì ló sún mọ́ mi jù, èmi náà lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Ní Yunifásítì California ní Los Angeles, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Ivar Lovaas bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Tí ọmọ bá ṣe ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n á fún un ní oúnjẹ. Tí kò bá ṣe é, ìyà. Ní 1965, ìwé ìròyìn Life gbé fọ́tò ẹ̀ jáde: wọ́n ń gbá ọmọ létí, wọ́n ń lo ilẹ̀ tí iná mànàmáná ń gbà kọjá. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀, oúnjẹ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ pé kó máa tún ọ̀rọ̀ olùkọ́ sọ. Ọmọ tó sì ń tún ọ̀rọ̀ sọ fúnra ẹ̀, wọ́n fẹ́ kó dákẹ́. Nígbà tó di 1987, Lovaas gbé èsì kan jáde pé nínú ọmọ 19 tí àwọn kọ́ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, mẹ́sàn-án ti dà bí ọmọ yòókù. Àwọn òbí kárí ayé gbọ́ ìyẹn, ta ni kò ní fẹ́ ẹ? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo ọ̀nà yẹn lónìí ti jáwọ́ nínú ìyà. Síbẹ̀ èrò pé ọ̀rọ̀ àtúnsọ jẹ́ èpò tí èèyàn gbọ́dọ̀ fà tu, ó ṣì wà, ó sì dé Èkó.

Nígbà tí àbúrò mi wà ní ọmọ ọdún 12, a mú un lọ sí ibì kan tí mi ò ní dárúkọ. Owó ibẹ̀ wọ́n, ìyá mi ta ẹ̀rọ amúnáwá ṣọ́ọ̀bù. Òfin wọn ni pé tó bá ti sọ ọ̀rọ̀ Gáréèjì, kí gbogbo wa gbé ìka lé ètè, ká sì gba tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹ̀. Nílé náà, bẹ́ẹ̀ ni ká máa ṣe. Wọ́n tún ní ká má sọ Yorùbá sí i mọ́, Gẹ̀ẹ́sì nìkan, kí ọpọlọ ẹ̀ má bàa dàrú. Ìyá bàbá mi, tí a ń pè ní Màmá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Màmá wá di ẹni tí ń wo ọmọ ọmọ ẹ̀ tí kò sì lè bá a sọ̀rọ̀ nínú ilé tiwọn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ó dákẹ́. Kò sí "Kétu" mọ́, kò sí "Ó wà o". Inú wa dùn! Mo wà ní yunifásítì nígbà yẹn, mo gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì mi pé Ọlọ́run ti ṣe é. Ìyá mi se ráìsì. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọwọ́ ara ẹ̀ jẹ. Lọ́jọ́ kan Màmá rí ọyún lórí ìrọ̀rí ẹ̀. Etí ẹ̀ ló ń dùn ún. Dókítà tó wò ó ní ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí ọyún ti wà níbẹ̀. Ọjọ́ mélòó kan, nínú ilé tí èèyàn mẹ́fà ń gbé, ọmọ tó lóhùn bíi kọ̀ńdọ́. A ti gba ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ní fún ìrora lọ́wọ́ ẹ̀, a sì se ráìsì lé e lórí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mu omi.

Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí wọ́n fi ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wa, àwọn mìíràn ti mọ̀ tipẹ́. Àní láàárín àwọn èèyàn Lovaas fúnra wọn, ìwádìí kan tí Carr, Schreibman àti Lovaas ṣe ní 1975 rí i pé ọmọ máa ń tún ọ̀rọ̀ sọ jù nígbà tí ìbéèrè tí wọ́n bi í kò bá yé e. Ní 1978, Schreibman àti Carr kọ́ àwọn ọmọ láti dáhùn pé àwọn ò mọ̀, àtúnsọ náà sì dín kù. Nígbà tó wá di 1981, Barry Prizant àti Judith Duchan ya fídíò ọmọ mẹ́rin, wọ́n jókòó ti ọ̀rọ̀ àtúnsọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n ń wo ojú ọmọ, ọwọ́ ẹ̀, ohun tó ń wò, ohun tó ṣe tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ méje ni wọ́n rí tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe: ọmọ fi ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíì kó lè kan tiẹ̀, ó fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni, ó fi ń tọrọ nǹkan, ó fi ń darí ara ẹ̀. Ní 1984, Prizant àti Rydell tún wo irú èyí tí ọmọ máa ń sọ lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, bíi ti Paul, bíi ti àbúrò mi. Mẹ́rìnlá ni iṣẹ́ tí wọ́n rí nínú ìyẹn.

1984! Wọn ò tíì bí mi. Wọn ò tíì gbé ìyá mi níyàwó.

Nípa Nàìjíríà, àwọn kan wà tí wọ́n ti ń sọ pé àìsàn Òyìnbó ni. Dókítà Longe ti kọ̀wé nípa ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin tó ní ọ́tísíìmù ní 1976. Ní 1978, Victor Lotter gbé ìwádìí ẹ̀ jáde lẹ́yìn tó ti rìn yí ìlú mẹ́sàn-án ká ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. Ó wo ọmọ tó lé ní 1,300 tí ọpọlọ wọn ò jí pépé, mẹ́sàn-án péré ló pè ní ọlọ́tísíìmù. Àwọn èèyàn rọ̀ mọ́ mẹ́sàn-án yẹn pé ẹ ò rí i, kò pọ̀ lọ́dọ̀ yín. Àmọ́ ọmọ tó wà ní ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ pàtàkì ló lè rí. Ta ló ka èyí tó jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù ìyá ẹ̀?

Ó pẹ́ kí nǹkan tó yí. Ní 2006, Dotun Akande, ìyá tí òun náà bí ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, dá Patrick Speech and Languages Centre sílẹ̀ ní Èkó. Lọ́dún 2009, Dókítà Muideen Bakare àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Enugu gbé ìwádìí jáde nípa èrò àwọn òṣìṣẹ́ ìlera Nàìjíríà lórí ohun tó ń fa ọ́tísíìmù, wọ́n sì rí i pé àwọn kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà gan-an gbà pé ọwọ́ ayé tàbí ẹ̀mí òkùnkùn wà nínú ẹ̀. Nọ́ọ̀sì o, kì í ṣe ìyá oníyán. Òfin Èkó fún àwọn abirùn jáde ní 2011, ti ìjọba àpapọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ṣùgbọ́n òfin ò wọ bọ́ọ̀sì láti Ìkòròdú lọ sí Ìkẹjà fún wa, ìyá mi ló ń san owó ọkọ̀ yẹn, lọ àti bọ̀, tó bá sì rọ̀ jò, gbogbo ọjọ́ ló gbé lọ.

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan yẹn náà, Hambly àti Fombonne ti wò ó ní Kánádà ní 2012: ọmọ ọlọ́tísíìmù tó ń gbọ́ èdè méjì nílé ò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ sọ̀rọ̀ ju èyí tó ń gbọ́ ẹyọ kan. Nígbà tí mo ka ìyẹn fún Màmá, wọ́n ní, "Ṣé kí n máa bá a sọ̀rọ̀ nìyẹn?" Wọ́n ò dúró gbọ́ ìyókù.

Kí la wá ṣe? Mi ò ní purọ́ fún yín pé ó rọrùn. A ra ìwé kan, a so ó mọ́ ilẹ̀kùn yàrá. Ohun tó bá sọ, a kọ ọ́; ibi tó ti lè kọ́kọ́ gbọ́ ọ; ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, ìwé yẹn ti dà bí ìwé atúmọ̀ èdè. Tó bá ti sọ gbólóhùn kan, ìtumọ̀ ẹ̀ la máa ń dá lóhùn. Tó bá ní "Ó wà o", ohun yòówù tí à ń ṣe, a dúró ná. Lẹ́yìn náà la máa sọ gbólóhùn tí òun fúnra ẹ̀ lè gbé lọ, láti ẹnu ẹni tó ń sọ ọ́: "Ó tó mi." "Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀." A dín ìbéèrè kù, torí tí ẹ bá bi í pé "Ṣé o fẹ́ jẹun?", "Ṣé o fẹ́ jẹun?" ni ẹ máa rí gbà. Ẹ sọ pé "Ebi ń pa mí", kí ẹ wá dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló le jù. Ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá nínú ọkàn yín. Ìyá mi kì í ka kọjá ẹẹ́ta. A tún ya fọ́tò nǹkan sínú fóònù ẹ̀, etí, ikùn, eyín, kó lè tẹ ibi tó ń dùn ún lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ò bá wá. Ọ̀nà àwòrán yẹn náà ti pẹ́, ní 1985 ni Andy Bondy àti Lori Frost ti bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀ ní Delaware.

Ìkíni ló kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú ìwé Òyìnbó kankan tí mo kà. Ọmọ tó ń tún ọ̀rọ̀ sọ, ohun tí àgbà sọ sí i ló máa dá padà. Àgbà á sọ fún un pé "Káàárọ̀, ṣé o jí dáadáa?", òun náà á sọ fún àgbà pé "Káàárọ̀, ṣé o jí dáadáa?" Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sóhun tó burú. Ní Ìkòròdú, ẹ̀gbin ni! "Ọmọ ọkùnrin ńlá yìí ń sọ 'o' sí mi?" A wá jọ fẹnu kò nílé pé tó bá ti wà níbẹ̀, gbogbo wa á máa fi "ẹ" kí ara wa, àti òun náà. Ẹ ní láti rí Màmá, ẹni ọdún 78, tí wọ́n ń kí ọmọ ọmọ wọn ní kùtùkùtù pé "Ẹ káàárọ̀ sà." Wọ́n ní àgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n sì ń ṣe é lójoojúmọ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó kí ìyá pásítọ̀ pé "Ẹ káàárọ̀ sà." Sà tàbí mà, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

A ò ní kó má ṣe kọ̀ńdọ́ mọ́ o. Ó máa ń fi tu ara ẹ̀ nínú. Ní ìrọ̀lẹ́ ó máa ń lọ sẹ́yìn ilé, á pe Kétu, Mile 12, Ọjọ́ta títí ara ẹ̀ á fi balẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọrin nínú balùwẹ̀, kí ni ìyàtọ̀?

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ èyí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fídíò yìí, mo ti gbé ọ̀kan jáde níbi tó ti ń ṣe kọ̀ńdọ́. Àwọn kan lára yín wò ó, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹnì kan pè é ní ayékòótọ́, èmi náà fi ọkàn pupa sí i. Òun ló mú kí èèyàn pọ̀ lójú ewé mi. Mo ti pa á rẹ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú, ó sì dá mi lóhùn pé "Má bínú, má bínú", mi ò sì tíì mọ̀ bóyá èmi ló ń tún ọ̀rọ̀ mi sọ fún ni tàbí ó dárí jì mí.

Ọ̀rọ̀ Donald Triplett kù díẹ̀. Ó dàgbà, ó gboyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ṣiṣẹ́ ní báǹkì ìlú wọn, ó ń wakọ̀, ó ń gbá gọ́ọ̀fù, ó rin ìrìn àjò káàkiri ayé. Ó kú ní oṣù kẹfà ọdún 2023, lẹ́ni ọdún 89. Àwọn tó lọ wádìí ìgbésí ayé ẹ̀ sọ pé ará ìlú Forest mọ̀ ọ́n, wọ́n sì dáàbò bò ó. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tó yẹ ká ṣe ní Gáréèjì. Ìyá mi lọ bá alága páàkì, kì í ṣe láti jà. Ó ṣàlàyé fún wọn pé "Ó wà o" lẹ́nu ọmọ òun túmọ̀ sí pé ẹ fi mí sílẹ̀. A so káàdì mọ́ ọn lọ́rùn, nọ́ńbà fóònù mi wà níbẹ̀, a sì kọ ọ́ gàdàgbà pé: MI Ò SÍN YÍN JẸ, BÍ MO ṢE Ń SỌ̀RỌ̀ NÌYÍ. Wọ́n ń pè é ní Ọ̀gá Kọ̀ńdọ́ báyìí. Bọ̀dá tó gbá a létí ò bẹ̀ wá o, ṣùgbọ́n ó máa ń fún un ní píọ́ wọ́tà.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, èmi àti ẹ̀ fẹ́ lọ sí Mile 12. A wọ dánfó ní Gáréèjì, a ti sanwó, ọkọ̀ ti fẹ́ kún. Obìnrin kan gbé adìyẹ wọlé, kọ̀ńdọ́ ń lu ara ọkọ̀ gbàgàgbàgà, ẹnì kan tan orin sílẹ̀ nínú fóònù. Mo rí i tó ń gbé ọwọ́ lọ sí etí. Mo sọ nínú ọkàn mi pé ó ti dé.

"Ó wà o," ló wí, jẹ́jẹ́. Ọkọ̀ ò tíì ṣí rárá, gbogbo èèyàn yíjú wò ó. Mo dákẹ́. Mo ka ení, èjì, mo kà á dé ẹẹ́je.

Ó ní, "Mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀."

A sọ̀kalẹ̀. Kọ̀ńdọ́ ò dá owó wa padà.